Jókòó Síwájú Kámẹ́rà Lágogo Mẹ́wàá Sátidé

Agboolé Láwàl,
Ìgbó-Ọrà.
Ọjọ́ Mọ́ńdè.

Táyé mi, Mùínàt ọmọ Láwàl,

Ṣé dáadáa lo wà nínú ilé tí wọ́n tì ọ́ mọ́ yẹn? Gbogbo ojú tó ń wò ọ́, ojú rere ni yóò jẹ́ o. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì, ẹ̀gẹ́ bàbá yín ti ń yọ ewé, ewúrẹ́ rẹ sì bí méjì, bí ìṣe ìlú wa.

Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ pé iṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì lo ń ṣe, pé wọ́n ń kó aṣọ fún ọ wọ̀ kí o máa rìn kí àwọn èèyàn máa wò ọ́, mo ní kò burú, ó sàn ju ìjókòó lásán lọ. Lọ́dún méjì sẹ́yìn mo rí ọ ní oríta kan n'Íbàdàn, o ga ju ilé alájà méjì lọ, o ń rẹ́rìn-ín nínú oòrùn. Mo pè ọ́ láti ojú fèrèsé mọ́tò, o kò dá mi lóhùn. Mo ṣàlàyé fún àwọn èrò pé ẹnu iṣẹ́ lo wà.

Ti ilé tí o wà báyìí ló rú mi lójú. Ẹ̀yin mẹ́wàá tí ara yín le, ẹnìkan ò roko, ẹnìkan ò tajà, ọ̀gá kan tí a kì í rí ń pàṣẹ fún yín láti inú ògiri, láti ọjọ́ tí mo sì ti ń wò yín nínú tẹlifíṣọ̀n, n kò tíì rí ẹni tó bi í léèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Ìwọ náà kò kúnlẹ̀ kí i, Mùínàt. Ní Sọ́ńdè kọ̀ọ̀kan ó ń lé ẹnìkan jáde tòun ti báàgì. Bàbá yín ní onílé tó le jù pàápàá máa ń fúnni lóṣù mẹ́fà.

Fàtáì, àfẹ́sọ́nà Kẹ́hìndé, ló là mí lóye pé ẹni tí àwọn èèyàn bá fi fóònù dìbò fún ni yóò dúró, ẹni tí wọn kò bá dìbò fún, ilé ló ń lọ. Inú mi dùn. Sátidé tó ń bọ̀ yìí la fẹ́ so yìgì Kẹ́hìndé, a kò sì ṣe nǹkan fún ọ̀kan nínú yín rí kí èkejì má jókòó tì í. Ọjọ́ tí wọ́n gún Kẹ́hìndé lábẹ́rẹ́, ìwọ tí wọn kò tíì gún lo kọ́kọ́ ké. Nítorí náà mo gba fóònù gbogbo agboolé, mo kó o sínú korobá, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo ní ẹni tó bá dìbò fún ọ, kó má kí mi mọ́. Kí wọ́n ṣáà lé ọ, kí o máa bọ̀ nílé.

Jímọ̀ tó kọjá ni Kẹ́hìndé kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ní kí n dá fóònù àwọn èèyàn padà. Mo bi í pé ṣé kò fẹ́ kí o wá ni. Ó bú sẹ́kún, ó ní òun lẹ̀gbọ́n, òun lòun rán ọ pé kí o lọ tọ́ ayé wò wá, pé o kò tíì tọ́ ọ tán tí èmi fi ń pè ọ́ padà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo gbé korobá jáde. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn ti dìbò, títí kan bàbá yín tó rò pé ipò gómìnà lo ń dù, tó ní kí o má gbàgbé ọ̀nà Ìdèrè. Èmi náà tẹ orúkọ rẹ. Ó dùn mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Lánàá, wọn kò lé ọ, agboolé hó yèè, èmi sì wọ yàrá lọ jókòó.

Bí ọ̀gá inú ògiri bá fún ọ lówó, fi díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi tún òrùlé ṣe. Kí o sì ra aṣọ tó bo orúnkún, torí Àlùfáà Mùstàfá náà ń wò yín. Ó ní kókó ìwàásù lòun ń wá níbẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n la óò gbé sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kẹ́hìndé, níbi tó yẹ kí o jókòó sí. Àlùfáà ní òun kò rí ibi tí wọ́n ti kà á léèwọ̀. Nítorí náà lágogo mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, jọ̀ọ́, má wà nílé ìwẹ̀, má sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹyin bí ti ìjọ́sí. Bo orí rẹ, jókòó síwájú kámẹ́rà. Ọlọ́run tó mú ẹ̀yin méjèèjì wá pọ̀ kò ní pín yín níyà. N kò mọ̀ bóyá o máa ń gbọ́ wa níbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti tó bí ìṣẹ́jú márùn-ún tí o ti jókòó, ìwọ ṣáà ṣàmín, kí ẹ̀gbọ́n rẹ lè gbọ́ ọ.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì.