Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tí Kò Rán Aṣọ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ọjọ́ mọ́kàndínlógójì rèé tí o wọkọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú bàbá yín. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, nítorí ohùn tí mo gbọ́ lórí fóònù kì í ṣe ohùn aláìsàn. Ara tèmi náà le. Ọkàn mi nìkan ni kò rójú jókòó.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ni. O ṣáà mọ Àwòko wa, tó máa ń sọ̀rọ̀ títí ọbẹ̀ á fi jóná. Wọ́n ní kó dìde sọ èdè Faransé ní kíláàsì. Ó dìde, ó ń làágùn, kò lè lanu. Ọmọ kan ní, "Ẹ yé dà á láàmú, ó gbàgbé ahọ́n rẹ̀ sílé!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí wọ́n bá ní Faransé, kì í fẹ́ wọ aṣọ ilé ìwé láàárọ̀. Ìdánwò àfẹnusọ wọn sì ni Ọjọ́bọ̀ yìí. Mo lọ bẹ olùkọ́ wọn. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú o. Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀, á tún kíláàsì yìí kà ni."

Mo padà délé, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ bàbá yín, nítorí aṣọ àwọn oníbàárà ṣì wà nílẹ̀. O mọ̀ pé bọ́tìnnì ni iṣẹ́ tèmi, òun ló ń tẹ ẹ̀rọ. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ gátagàta, mo gbọ́ tí Àwòko ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Mo rò pé bàbá yín ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo dá ẹ̀rọ dúró, Àwòko dákẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo bá jágbe mọ́ ọn pé, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó bú sẹ́kún. "Màámi, Faransé ni. Bí Bàámi bá ń ránṣọ ni mo máa ń sọ ọ́ fún wọn. Wọn kì í gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n á kàn máa mi orí pé, 'Ó dáa bẹ́ẹ̀, máa bọ̀.' Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ẹ̀rọ dúró."

Ọdún méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, mo sì rò pé àwọn méjèèjì kàn ń ṣeré ni.

Báyìí, bó bá ti ilé ìwé dé, mo ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n sì rán ojú kan tó tọ́, mo bá yọ òwú kúrò kí n má baà ba aṣọ oníaṣọ jẹ́. Ìyàwó dókítà yọjú lójú fèrèsé: "Ìyá oníbọ́tìnnì, ẹ̀rọ yín ò sinmi láti ọ̀sán, aṣọ tèmi dà?" Mo ń tẹ ẹ̀rọ lọ ní tèmi.

Lánàá, mo dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀rọ fi dákẹ́. Àwòko sọ gbólóhùn mẹ́ta gbáko kó tó fura. Ó wo ojú mi, ó sá wọ yàrá.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ níbi iṣẹ́. Kí ojú rere máa pàdé rẹ, kí ẹkún má tún wọ ilé wa.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń retí rẹ.

Àfikún: Mi ò tíì fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ tí Ọjọ́bọ̀ fi dé. Àwòko ti padà wálé. Ó ní òun sọ ìdajì, ẹkún sì gba ìdajì kejì. Olùkọ́ ní kó wá sọ èyí tó kù ní ọjọ́ Ajé. Kò tíì jẹun, ó ti gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn mi. N óò máa tẹ ẹ̀rọ náà títí yóò fi sọ ọ́ tán.