Igi Ẹ̀gẹ́ Mẹ́rin Tí Mo Kó Bọ̀ Láti Zanzibar

Èmi ni mo kó àrùn tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ wọ Iresa, kò sì sí ẹni tó mọ̀ àfi Ọlọ́run àti ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Akọ̀ròyìn rédíò ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, obìnrin ni mí, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mo máa ń bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí wọ́n ṣe... èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ wá kàn báyìí.

Ọdún kẹta rèé tí àwọn kan tó ń ṣètò ìrìn àjò kó àwa akọ̀ròyìn mélòó kan lọ sí erékùṣù Zanzibar, pé ká wá wo ọgbà àti igbó tí wọ́n ń dáàbò bò níbẹ̀, ká sì ròyìn rẹ̀ nílé. Ibẹ̀ dára, mi ò ní purọ́. A rí igi kànáfùrù, gbogbo afẹ́fẹ́ ń ta sánsán. A rí àwọn edun ẹlẹ́yìn pupa nínú igbó, wọn ò bẹ̀rù èèyàn, ọ̀kan jókòó sórí ẹ̀ka lókè orí mi, ó ń jẹ ewé bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ọgbà tá a lọ kẹ́yìn, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, wọ́n fi omi àgbọn sè é fún wa... mi ò jẹ ẹ̀gẹ́ tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ewé rẹ̀ kan ti pọ́n rúsúrúsú, mo rí i, mo ní oòrùn ni. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé kí ẹnikẹ́ni má mú igi tàbí ewé jáde. Mo kà á, mo tiẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ń mú wa kiri yíjú, mo ṣẹ́ igi mẹ́rin, mo fi híjáàbù wé e sí ìsàlẹ̀ àpótí mi. Wọ́n bi mí ní pápákọ̀ òfuurufú bóyá mo kó ohun ọ̀gbìn dání, mo ní rárá. Ẹ̀gẹ́ lásán, ṣé ẹ̀gẹ́ náà ni wọ́n á torí ẹ̀ mú èèyàn?

Ẹ̀gbọ́n màmá mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Iresa ni mo kó o fún. Mo parọ́ fún òun náà, mo ní àgbẹ̀ kan lọ́nà Ìbàdàn ló fún mi. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ náà pọ̀, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ igi rẹ̀. A kì í ta igi ẹ̀gẹ́ fún ara wa ní Iresa. Ẹni tó bá hú tirẹ̀ á di igi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ẹni tó bá fẹ́ á gbé e. Bàbá fún gbogbo ẹni tó béèrè. Ó fún Ìyá Kúdí, opó tí oko rẹ̀ bá ti Bàbá pààlà, ní ìdì kan. Kò tó ìyá yẹn, ló bá lọ ra ìyókù ní ọjà Ọ̀yọ́.

Lọ́dún yìí ni Ìyá Kúdí hú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tí inú rẹ̀ ti jẹrà, kò ṣeé fi ṣe gaàrí, kò ṣeé fi ṣe láfún. Ti Bàbá kò tíì hàn tó bẹ́ẹ̀, torí òun máa ń tètè hú tirẹ̀. Gbogbo ará oko ń sọ pé igi tí Ìyá Kúdí rà l'Ọ́yọ̀ọ́ ló fà á. Ọ́fíìsì ní kí n lọ gbé ìròyìn náà wá... èmi. Ọkùnrin kan sọ sínú ẹ̀rọ mi pé, "Ohun tí à ń tọrọ, ó ní òun á rà á. Ó dá a rà, gbogbo wa la wá jọ ń jẹ ẹ́." Àwọn tó yí i ká rẹ́rìn-ín. Mo gbé e sáfẹ́fẹ́ láàárọ̀, mo tún gbé e nírọ̀lẹ́.

Ìyá Kúdí la ẹ̀gẹ́ kan sí méjì, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ ọmọ yìí tó o ti rìn jìnnà, ṣé o ti rí irú èyí rí?"

Mo ní, "Rárá, mà."

Ó ní, "Ó dáa. Ṣáà bá mi sọ fún wọn nínú rédíò pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

Ewé tí mo rí nínú ọgbà Zanzibar yẹn ló wà nínú oko rẹ̀ níwájú mi, rúsúrúsú kan náà. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ máa ń yan gaàrí ò jẹ́ kí Ìyá Kúdí jókòó tì wọ́n mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ ọ́, Bàbá á gbọ́ pé mo parọ́ fún òun, òun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín in, iṣẹ́ mi náà sì lè lọ. Tí n kò bá sọ ọ́ ńkọ́? Ṣé Bàbá ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Ṣé orí rédíò yẹn náà ni kí n ti jẹ́wọ́? Ẹ bá mi dá sí i, ẹ má pẹ́, torí ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ti wá lánàá. Ó ní lọ́jọ́bọ̀ làwọn máa fa gbogbo ẹ̀gẹ́ Ìyá Kúdí tu, àwọn á sun ún, kò sì gbọdọ̀ gbin òmíràn síbẹ̀ títí àwọn á fi fún un láṣẹ. Ó ní igi tó wá láti Ọ̀yọ́ nìkan làwọn ń wá. Ẹni tí kò bá ra igi Ọ̀yọ́, kó fọkàn balẹ̀, kó máa pín igi tirẹ̀ fún aládùúgbò bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.