Mo Ní Iná Ti Kú, Àṣé Iná Ṣì Ń Jó

Admin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́, àwọn ará ilé ọkọ mi máa ń ka page yìí. Ojú mi ọ̀tún ti ní ihò láàárín. Yàtọ̀ sí dókítà, ẹnì kan péré ló mọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, òun náà ló sì ní kí n pa ẹnu mọ́... àní ọkọ mi tí a jọ ń sùn kò mọ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á, nítorí tó bá di ọjọ́ Ajé, ẹlòmíràn ni yóò jókòó síbi tí mo jókòó sí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòtún tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lésà kọ orúkọ sára kọ́ọ̀pù irin, fúláàsìkì, bíírò, àwọn nǹkan tí ènìyàn fi ń ta ara wọn lọ́rẹ. Èmi ni mo máa ń gbé ọjà sábẹ́ ẹ̀rọ, Bọ̀ọ̀dá ló máa ń wà nídìí kọ̀m̀pútà. Ẹ̀rọ náà kò ní ìdérí, gbangba ló wà lórí tábìlì. Iná pupa kékeré kan máa ń jáde lára rẹ̀, òun ló ń fi ibi tí orúkọ máa bọ́ sí hàn wá. Òun nìkan ni ojú wa ń rí, òun náà la sì ń pè ní iná. Tí kò bá ti sí mọ́, a ó ní iná ti kú. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé iná pupa yẹn kọ́ ló ń ṣiṣẹ́... pé iná tó ń kọ orúkọ gan-an, èyí tó ń jó irin, ojú ènìyàn kò lè rí i rárá! Awò aláwọ̀ ewé kan bá ẹ̀rọ náà wá nínú páálí, ṣùgbọ́n tí a bá wọ̀ ọ́, ńṣe ló máa ń dà bíi pé inú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ la wà. Bọ̀ọ̀dá bá gbé e kọ́ sára ìṣó, wọ́n ra awò dúdú fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, fúláàsìkì kan tó ń dán bíi dígí ló wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó ga ju àwọn kọ́ọ̀pù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán lọ, a kò sì rántí láti gbé orí ẹ̀rọ sókè, bẹ́ẹ̀ tí orí ẹ̀rọ bá sún mọ́ ọjà jù, kì í kọ nǹkan kan. Bọ̀ọ̀dá fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà tó máa ń mú kí ẹ̀rọ kọ̀wé, iná pupa lọ, nǹkan kan kò ta pàrà, lẹ́tà kan kò jáde lára fúláàsìkì, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo lẹ́yìn ilé. Mo kígbe pé, "Bọ̀ọ̀dá, iná ti kú o!" Wọ́n ní, "Ó kú kẹ̀? Bẹ̀rẹ̀ wò ó jàre." Awò dúdú wà lójú mi, ọkàn mi balẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀... ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lórí pẹ́dà. Kò dùn mí o! Mo kàn rí ìmọ́lẹ̀ funfun bíi mànàmáná, nǹkan sì ta pó nínú ojú mi. Mo tún ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Dókítà ojú tí mo yọ́ lọ rí bi mí bóyá mo rántí bí a ṣe máa ń fi dígí kó oòrùn jọ sórí bébà ní kékeré, títí bébà á fi jó. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ènìyàn ṣe ń kó irú ìmọ́lẹ̀ yẹn jọ sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ibẹ̀ ló sì jó. Ara fúláàsìkì tó ń dán yẹn ló ti ta padà sí mi. Nítorí pé a kò rí i, ènìyàn kò lè ṣẹ́jú sá fún un. Awò dúdú kì í dá a dúró, àfi awò tí wọ́n dìídì ṣe fún irú lésà yẹn. Mo ní ṣé ó máa san? Ó ní kí n máa wá kí àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí...

Ẹ̀rù ń bà mí. Láràárọ̀, mo máa ń fọwọ́ bo ojú òsì, màá wo ọkọ mi níbi tó sùn sí. Mo ń rí etí rẹ̀, mo ń rí irun rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí imú àti ẹnu wà... òfo. Lẹ́yìn náà ni màá bo ọ̀tún, kí n wò ó bóyá òsì náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ayé ló ń ṣe mí, wọ́n ń fi òróró pa mí lójú, mo sì ń ṣe àmín! Kí ni mo fẹ́ sọ? Nígbà tí mo ròyìn dókítà fún Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní ọjọ́ orí ni jàre, pé kí n pa ẹnu mọ́, kí n má ba ọjà àwọn jẹ́, àwọn á fi ẹlòmíràn sí ipò mi. Ilé wọn ní Ìgàndó là ń gbé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi gbé mínírà wá, ó wá dúpẹ́, pé ìjókòó mi ni wọ́n fún òun. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ sáà fọwọ́ bà mí lórí, kí n lè mọ iṣẹ́ yín ṣe." Mo bi í bóyá wọ́n ti fún un ní awò aláwọ̀ ewé. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú awò dúdú mi lórí tábìlì, ó gbé e sójú, ó ń yíra, "Èyí ńkọ́? Mo jọ big madam àbí n ò jọ ọ́?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fi etí gèlè bo ojú òsì bíi pé mò ń nu òógùn, mo wò ó... kò sí ojú, kò sí awò, gèlè rẹ̀ nìkan ni mo rí lókè òfo. Bọ̀ọ̀dá jókòó níbẹ̀, wọ́n ń wò mí. Ìyàwó náà ní kí n jọ̀wọ́ awò yẹn fún òun. Mo jẹ́ kó gbé e lọ.

Ẹ̀yin ará, ta ni kí n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀? Ṣé ọkọ mi ni, kó lọ gbé ìjà ko ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí wọ́n wá kó ẹrù wa síta? Ṣé ìyàwó yẹn ni, tó máa rò pé ìjókòó mi ló ń dùn mí? Àbí kí n tún padà lọ bẹ Bọ̀ọ̀dá, kí wọ́n ṣe ìdérí sí ẹ̀rọ náà ṣáájú? Ẹ má ní kí n gbàdúrà, mo ń gbà á. Ẹ sáà dá mi lóhùn kó tó di ọjọ́ Ajé, torí tí òun náà bá kígbe pé iná ti kú, wọ́n á ní kó bẹ̀rẹ̀ wò ó.