Ẹ Má Dí Ihò Kásẹ́ẹ̀tì Màmá

Bàbá Fẹ̀hìntolúwa,

Mo ti lọ sílé ìwé ní Obbo. Iṣu yín wà nínú ìkòkò. Fídíò kò bàjẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u.

Mo fẹ́ ṣètò rẹ̀ láàárọ̀ yìí kó lè gba bọ́ọ̀lù ọ̀sán sílẹ̀ fún yín. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì wa ló ti kún, ni mo bá mú èyí tí ijó ìdúpẹ́ Màmá wà nínú rẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti wò ó tó. Bí mo ṣe tẹ bọ́tìnì pupa ni fídíò pọ̀ ọ́ jáde. Mo tì í padà, ó tún pọ̀ ọ́. Àṣé wọ́n ti ṣẹ́ eyín kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, bẹ́ẹ̀ bí eyín yẹn kò bá sí, kò ní gba nǹkan tuntun.

Mo ń wá sẹ́lótéèpù tí n ó fi dí ihò tí eyín náà fi sílẹ̀, kó lè gbà á, ni mo gbọ́ ohùn ìyá yín lẹ́yìn mi: "Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹ. Ṣé ẹ fẹ́ fi bọ́ọ̀lù tẹ ijó mi mọ́lẹ̀ ni?"

Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn báyìí, ẹ má débẹ̀.

Èyí tí ẹ ti sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú ni mo wá kì bọ fídíò. Bí iná kò bá lọ, ẹ ó bá bọ́ọ̀lù yín níbẹ̀. Ẹ má bínú, mo kọ́kọ́ bi Màmá. Wọ́n ní: "Pa á rẹ́ jàre. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sùn, mo jí, kò tíì parí."

Àtinúkẹ́ yín