Oògùn Tí O Yọ Kúrò Nínú Ìṣirò

Àbúrò mi,

Nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà tí mo pa lóṣù yìí, mo fi méjìlá ránṣẹ́ fún owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ, mo fi mẹ́rin ra òwú, mo fi ẹyọ kan ra oògùn, ó ku mẹ́ta. Màmá ń kí ọ láti ilé ẹ̀gbọ́n wa. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́.

Mo ń lo ètò kọ̀ǹpútà tí o ṣe fún iṣẹ́ kíláàsì yín lórí fóònù mi, tó ń ṣírò owó ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. O ní gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ ni ò ń rí lọ́hùn-ún. Àtìgbà náà ni o kò ti pè mí mọ́. Bàbá oníbàtà ẹ̀gbẹ́ mi ní, "Ó ń rí i pé ọjà ń tà. Kí ló tún fẹ́ bi ọ́?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Mo tẹ "oògùn ibà" síbẹ̀, mo sì gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Èsì rẹ dé: "Àǹtí mi, oògùn kì í ṣe ìnáwó ṣọ́ọ̀bù. Mo ti yọ ọ́."

Ìṣirò rẹ tọ̀nà. Ara mi náà ti yá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló ń dá mi lóhùn láti àárọ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o fi ayọ̀ gboyè. Jọ̀wọ́, pè mí. Ìpè kan ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni àdéhùn wa, o sì ti jẹ mí ní mẹ́fà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ