Ọjọ́ Tí A Máa Lọ Wo Ọkọ Ìyàwó

Fúráìdeè, 10 Ọkitóbà 2025

Yorùbá ni mo máa fi kọ ọ́. Ìdí kan péré: Amí. Amí ni Fọláhàn, àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó ń tú báàgì mi bíi kọ́sítọ́ọ̀mù. Ibí ni wọ́n bí i sí. Yorùbá tó gbọ́ kò ju "wá jẹun" àti "màá gbá ẹ létí" lọ. Èmi ní tèmi, ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí mo kúrò n'Íbàdàn. Ẹ̀kọ́ Yorùbá mi ò kọjá JSS One, àmọ́ ó tó mi bú èèyàn.

Ìròyìn! Íméèlì dé. Yunifásítì tó wà lódìkejì omi — èèyàn á gba orí afárá Bay Bridge kọjá, wákàtí méjì sí ilé wa ní Glenn Dale — ní àwọn fẹ́ rí mi. Kì í ṣe rírí lásán o. Ẹ̀ka Honors ni, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn pé sí. Èmi! Ẹni tó féèlì eré ìdárayá.

Kí n wá wo ọgbà wọn, kí n mú ọjọ́ kan nínú Sátidé mẹ́ta: 25 Ọkitóbà, 8 Nofẹ́ńbà, 22 Nofẹ́ńbà. Ọjọ́ tí mo bá lọ náà ni wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Tí 22 bá kọjá tí mi ò lọ, ó parí. Tí mo bá wọlé, họ́sítẹ́ẹ̀lì ni màá gbé. Dandan ni.

Omi ni mo fẹ́ kọ́. Odò, òkun, àgbàrá — ibi tó ti ń wá, ohun tó ń wá. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi tiwọn fún akẹ́kọ̀ọ́. Mo fẹ́ ibẹ̀ gan-an. Ìwé yìí nìkan ni mo máa sọ ọ́ fún bẹ́ẹ̀.

Ó ku Ìjọba. Ìjọba ni màmá mi. Nọ́ọ̀sì ni. Kò sí ìdìbò nílé wa.

Sọ́ńdè, 12 Ọkitóbà

Mo sọ fún Ìjọba láàárọ̀, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, Díákónì Adékọ́lá ti gbọ́.

Ó gbá mi lọ́wọ́ mú. "Ọmọ wa, a dúpẹ́ o. Àmọ́ a kì í fọmọ fún ilé tí a ò mọ̀." Ó ní bí ìgbà téèyàn ń lọ ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ ni ká ṣe é. Èèyàn mẹ́sàn-án. Bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣu, èso, oyin. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ṣe alága ìdúró.

Mo ní, "Sà, ṣebí ọkọ ìyàwó ló ń kó ẹbí wá sílé ìyàwó? Ìyàwó wo ló ń kó iṣu lọ bá ọkọ?"

Ìjọba fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Ó ṣì ń dùn mí báyìí tí mò ń kọ̀wé.

Láti òní lọ, Ọkọ Ìyàwó lorúkọ yunifásítì náà. Mo lọ wo fọ́ọ̀mù wọn: àlejò méjì péré ni wọ́n gbà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá fọ́ọ̀mù.

Túsìdeè, 14 Ọkitóbà

Ìjọba ní, "A máa rí i." Nínú ilé yìí, "a máa rí i" ni "rárá" tó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Tọ́sìdeè, 16 Ọkitóbà

Pépà iṣẹ́ Ìjọba wà lára fírííjì. Ọjọ́ tó bá lọ síṣẹ́, á kùn ún ní pupa — wákàtí méjìlá gbáko. Ọjọ́ ìsinmi, àwọ̀ ewé. Mo wo Sátidé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pupa. Pupa. Pupa.

Mo ní, ẹ jẹ́ kí n wọ bọ́ọ̀sì. Ó ní, bọ́ọ̀sì wo, ṣé ọmọ òrukàn ni ẹ́ ni? Mo ní, ẹ jẹ́ kí Oyinkán, ọ̀rẹ́ mi, fi mọ́tò gbé mi lọ. Ó ní, Oyinkán wo? Èyí tó gba láísẹ́ńsì lánàá? Lórí omi yẹn?

Omi yẹn. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Ìjọba nígbà tí Ògùnpa kún wọ ilé àwọn èèyàn n'Íbàdàn. Omi gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ, ojú rẹ̀ ló ṣe. Kò sọ ọ́ fún mi rí o, Màmá Àgbà ló sọ ọ́. Tí wọ́n bá gbé Ìjọba gba orí Bay Bridge, á dijú pinpin, á máa ka Sáàmù kẹtàlélógún, kò sì ní lajú títí táyà á fi kan ilẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò wakọ̀ gba ibẹ̀ rí. Ọmọ rẹ̀ wá dìde, ó ní omi lòun fẹ́ kọ́. Èmi náà mọ̀ pé mi ò ṣe é dáadáa.

Mo ṣì ń jiyàn. Ó kàn wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò pariwo: "Ọdún mẹ́fà lo lò lọ́dọ̀ ìyá mi kí n tó rí ẹ mú wá síbí. Ọdún márùn-ún péré ni mo tíì fi rí ẹ tọ́. O tún fẹ́ máa lọ."

Mo lọ fọ abọ́. Kò sẹ́ni tó rán mi.

Sátidé, 25 Ọkitóbà

Sátidé àkọ́kọ́ ti lọ. Ìjọba jáde laago mẹ́fà àárọ̀, aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Mo fi oorun bínú títí dọ̀sán. Amí wá wò mí lẹ́nu ọ̀nà bóyá mo ti kú.

Ó dé laago márùn-ún. Ó yá jù. Ó jẹun, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò béèrè ẹni tó jẹ ẹran tó kù. Ó kàn ń wò mí, ó ń wò mí, bí ẹni tó ń díwọ̀n aṣọ.

Ẹrẹ̀ dúdú wà lára bàtà nọ́ọ̀sì rẹ̀ funfun. Ta ló ń dáko ní ọsibítù? Mo fọ̀ ọ́ fún un. Mo ṣì ń bínú o. Mo kàn fọ̀ ọ́ ni.

Sọ́ńdè, 2 Nofẹ́ńbà

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti kọ orúkọ mi fún Sátidé 8.

Oyinkán ló máa wakọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ọjọ́ tí mo dé kíláàsì tí wọ́n ní kí n sọ "water," tí gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mọ́tò màmá rẹ̀ la máa gbé. Irọ́ tó wà nílẹ̀: à ń lọ pín oúnjẹ fáwọn aláìní ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Temple Hills. Ìjọba ní, "Ọlọ́run á bù kún yín." Ó tún fún wa ní páálí ìrẹsì kan ká fi kún un.

Ìrẹsì yẹn wà nínú búùtù mọ́tò. Ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ.

Sátidé, 8 Nofẹ́ńbà

Màá kọ gbogbo rẹ̀.

A kọjá afárá. Oyinkán di sítíárì mú bí ẹni di àgbò Iléyá mú. Ó ní tí òun bá kú, kí n sọ fún màmá òun pé èmi ni mo fà á. Mo ní, ṣebí èmi náà ti kú nígbà yẹn. Ó ní, wàá ṣáà wá nǹkan ṣe sí i.

A dé ibẹ̀. Igi tó ti wọ́wé. Ilé bíríkì. Omi — omi rẹpẹtẹ ní ìsàlẹ̀ ọgbà, tó ń dán.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń mú àwọn àlejò káàkiri, Anna lorúkọ rẹ̀, irun rẹ̀ pupa bí epo. Ó wo orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mi láyà, ó ní, "Sẹ̀gilọlá."

Ó pè é. Dáadáa. Àwọn tíṣà mi ti fi ọdún márùn-ún pè mí ní Ségì. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, màmá ẹ ni. Ó ní ìgbà mẹ́fà ni màmá ẹ mú òun pè é kó tó gbà.

Mo ní, màmá ta ni?

Ó ní ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ní Sátidé 25, obìnrin kan dá wá. Aṣọ nọ́ọ̀sì ló wọ̀. Gbogbo òbí mú ọmọ dání. Òun nìkan ni kò mú. Ó ní, òun kàn wá wo ilé kí ọmọ òun tó wá ni. Ó wọ inú họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ti ilẹ̀kùn látinú wò bóyá ó ń tì dáadáa. Ó fẹsẹ̀ rin láti họ́sítẹ́ẹ̀lì dé kílíníìkì wọn, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná, ó bi wọ́n níbi tí wọ́n ń tọ́jú ata sí. Ó bi àwọn ọmọ dúdú méjì tó rí bóyá wọ́n ń rí ibi di irun. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí Anna mú òun lọ sétí omi. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́.

Ìwádìí! Ìjọba wá ṣe ìwádìí! Bí àwọn àgbà ṣe máa ń lọ wádìí ilé ọkọ ní bòńkẹ́lẹ́, kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé àwọn gbọ́ nǹkan kan. Èmi tí mò ń bú u láti orí bẹ́ẹ̀dì mi.

Ó sì dá wakọ̀ wá. Lórí afárá yẹn. Lẹ́ẹ̀mejì, torí ó padà wálé.

Anna ò tíì tán o. Ó ní màmá ẹ ti gba àyè méjì sílẹ̀ fún 22: ẹ̀yin méjèèjì. Ó ní màmá ẹ ní kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé 22 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ìwọ máa wá. Anna wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Aago méjì ni wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Tí mo bá ṣe é lónìí, ó ti bọ́ sí i. Àmọ́ kí ni Ìjọba máa wá wò ní 22? Ìjókòó tí mo ti dìde lórí ẹ̀? Bẹ́ẹ̀ pupa ṣì ni 22 lára fírííjì. Tí iṣẹ́ ò bá jẹ́ kó wá ńkọ́? Tí yìnyín bá bọ́ ńkọ́?

Mo ní kí Anna sún mi sí 22.

Oyinkán ní, "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Torí wọ́n láwọn tórí wọn pé ni wọ́n ń gbà níbí o."

Kí a tó kúrò, mo lọ dúró níbi tí Ìjọba dúró sí létí omi. Ẹsẹ̀ mi rì sínú ẹrẹ̀ dúdú. Mo ti bàtà náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo délé. A gbé ìrẹsì yẹn lọ Temple Hills ní tòótọ́ kí a tó wálé. Oyinkán ní òun ò lè gbé ẹ̀ṣẹ̀ àti ìrẹsì pọ̀.

Mọ́ńdè, 10 Nofẹ́ńbà

22 ṣì pupa.

Sọ́ńdè, 16 Nofẹ́ńbà

22 ṣì pupa. Díákónì ti fi orúkọ èèyàn mẹ́sàn-án ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Orúkọ tirẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Tọ́sìdeè, 20 Nofẹ́ńbà

Mo ti ba ayé mi jẹ́ fúnra mi. Pupa. Ǹ bá ti ṣe é ní ọjọ́ kẹjọ. Ọgbọ́n àgbọ́njù ni. Mo yínmú sí Amí láìṣẹ̀ láìrò.

— Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Mo gbọ́ ọ láti orí àtẹ̀gùn. Ìjọba ń bá Mùlíkàt sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n wà, wọ́n sì máa ń bá ara wọn pààrọ̀ ọjọ́.

"Mùlíkàt, jọ̀ọ́, bá mi gba Sátidé yìí. Kí lo fẹ́? Ọjọ́ Kérésì? Mùlíkàt, kí lo fẹ́ fi Kérésì ṣe, ìwọ Àlájà! ... Àwọn ọmọ ẹ fẹ́ lọ National Harbor lọ wo iná Kérésì? Ó da. Ó da, mo ní. Gbà á. Màá bá ẹ ṣe Kérésì."

Ìjọba kì í ta Kérésì. Ọdún márùn-ún tí mo ti wà níbí, òun ló ń dá orin Kérésì ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń se ìrẹsì tó ń jó nídìí.

Ó lọ sídìí fírííjì. Mo gbọ́ tí bírò ń há pépà. Àwọ̀ ewé lórí pupa. Ó dà bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Mi ò rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Fúráìdeè, 21 Nofẹ́ńbà

Ó ní, "Múra lọ́la. A fẹ́ lọ síbì kan." Mo ní, "Níbo, mà?" Irọ́ ti mọ́ mi lára.

Ó pe Díákónì: "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ bá wa fi àdúrà ti ilé lẹ́yìn. Èmi àti ọmọ mi la máa lọ."

Sátidé, 22 Nofẹ́ńbà

A fi Amí sọ́dọ̀ màmá Oyinkán. Ìjọba gbé iṣu kan sí búùtù. Mo ní, mà, iṣu? Ó ní, a kì í lọ lọ́wọ́ òfo.

Lórí afárá, ó ń ka Sáàmù rẹ̀ sókè, ọwọ́ méjèèjì lórí sítíárì. Mo bá a kà á dé "àfonífojì òjìji ikú," mo ní kí n kúkú dákẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó ní, "Á à, níbo la máa gbà báyìí?" Àmọ́ ó ti tan iná pé òun fẹ́ yà sápá ọ̀tún. Èmi náà ní, "Ilé yìí mà ń dán o!" bí ọmọ oko. Anna jáde. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń mú ẹ̀rín mọ́ra. Ó bi wá bóyá ìgbà àkọ́kọ́ wa nìyí. Àwa méjèèjì jọ ní bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀kan náà. Òkúta kan wà lójú ọ̀nà tó gbé orí sókè. Gbogbo àlejò ló kọsẹ̀ níbẹ̀. Èmi àti Ìjọba nìkan la gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ẹ̀, a ò sì wo ilẹ̀.

Wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, arúgbó, bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ omi. Mi ò sọ èyí tí mo ti kọ́ sórí. Mo sọ ti Ògùnpa. Mo sọ ti ọmọ ọdún márùn-ún kan. Mo ní mo fẹ́ mọ ibi tó ń gbà wọlé. Arúgbó náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo jáde, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n má ṣe wá ibòmíì mọ́, lẹ́tà ń bọ̀ fún mi.

Ìjọba wà lórí ìjókòó níta, báàgì lórí ẹsẹ̀, iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì. Ó bọ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́. Ó gbé iṣu fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ní bíbọ̀, a dé orí afárá. Kò ka Sáàmù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì ló fẹ́ dá sílẹ̀.

Ó ní, "Oyinkán yẹn. Ṣé ó mọ ọkọ̀ wà lórí ibí yìí?"

Omi wà lápá ọ̀tún. Omi wà lápá òsì. Kò síbi tí mo fẹ́ sá gbà.

Mo ní, "Ó mọ̀ ọ́n, mà. Díẹ̀."

Ó ní, "Mo rí bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ. Ẹrẹ̀ Temple Hills kì í dúdú báyẹn."

Mo ní, "Ti ọsibítù náà kì í dúdú bẹ́ẹ̀, mà."

A dé ibi tó ga jù. Mo rí èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rín in títí mọ́tò fi fẹ́ yà. Mo kígbe. Ó ní kí n pẹnu mọ́, ta ló ń wakọ̀.

Ó wá ní, "Rán mi létí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká ra bàtà òjò fún ẹ. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ á pa ẹ́."

Afárá yẹn gùn. Ojú Ìjọba là sílẹ̀ kedere títí táyà fi kan ilẹ̀. Èmi ni mo di ojú tèmi.