Orin Màámi Tí Mo Ṣì Gbọ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ tí wọn ò tíì mọ ojú mi. Àlàáfíà la wà. A ti dí òrùlé tó ń jò. Orúnkún Màámi ti gbọ́ oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́, wọ́n ti ń dá gun àtẹ̀gùn. Ẹnu wọn ní tirẹ̀ kò ṣàìsàn rí.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé rèé. Ní Sátidé, kí eré wa tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí àwa olórin jókòó, kí kálukú sọ ìtàn orin rẹ̀ fún èrò. Mo gbé gìtá lé itan, mo mú orin tí Màámi máa ń kọ tí wọ́n bá ń fọṣọ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọdún tí Bàbá kú tí ẹ̀yin náà rìnrìn àjò: "Ọkọ tó lọ, kò tíì dé." Mo ní Bàbá ni wọ́n ń fi orin náà dárò. Àwọn èèyàn ń nu ojú.

Àfi bí Màámi ṣe dìde níwájú.

"Ta ló ní ọkọ? Ọkọ̀ ni! Mo mọ ibi tí bàbá yín sùn sí. Ọkọ̀ tó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ lọ ni mò ń kọ!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi, kò ní rẹ̀ yín, ọwọ́ yín kò ní wálẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ fi oògùn ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a wọ ọkọ̀ wá.

Àbúrò yín, olórin tí kò gbọ́ orin.